Ilé Tó Ń Pòṣé

Mo lá àlá kan mọ́jú òní tó jẹ́ pé bí n kò bá rò ó fún yín kí oòrùn tó mú, inú mi kò ní gbà á. Ẹ máa bó ẹ̀gúsí yín lọ, ẹ má torí tèmi dá iṣẹ́ dúró. Etí yín nìkan ni mo fẹ́, ẹ kì í kúkú fi etí bó ẹ̀gúsí.

Mo rí i bí ẹ ti ń wò mí. Ẹ ń rò ó lọ́kàn yín pé, ṣé kì í ṣe Àwẹ̀ró yìí náà ló dágbére fún wa lánàá, tó ní òun ń lọ bá Fẹ̀hìntọlá ọmọ òun ní Òṣogbo, tí kò sì dá ọjọ́ àbọ̀? Èmi náà ni. Ẹ sì mọ ohun tó ń lé mi lọ, nítorí kò sí ẹnìkan nínú yín tí n kò tíì sunkún rẹ̀ sí létí. Òṣé ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àgbolé yìí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ọkọ mi, Bàbá Fẹ̀hìntọlá, awakọ̀ àjàgbé ni. Láti Apápá dé Kánò, kò sí gegele ojú ọ̀nà tí kò mọ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa lálẹ́ mọ́, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún ọ̀gá rẹ̀, ó wá sinmi sílé. Inú mi dùn nígbà náà. Mo ní ọkọ mi dé. N kò mọ̀ pé òṣé ló ń gbé bọ̀. Bó bá ti jí láàárọ̀, á gbé àga lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á kọjú sí títì, ó di alẹ́. Bí mo bá gbé ẹ̀kọ kalẹ̀ níwájú rẹ̀, "Ṣíọ̀ọ̀ọ̀." Bí mo bá gbálẹ̀ kọjá, "Ṣíọ̀ọ̀ọ̀." Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé ẹ̀kọ ò dùn ni?" Ó ní ẹ̀kọ dùn. Mo ní, "Àkàrà ńkọ́?" Ó ní àkàrà dùn. N kò tíì dé ilé ìdáná tó fi tún pòṣé. Ẹni tó ń bú ni ṣì ń ka ni sí. Ẹni tó ń pòṣé sí ni ti gbá ni dànù pẹ̀lú ìdọ̀tí. Ó dùn mí gan-an. Mo sọ fún ara mi pé kàkà kí n gbó sínú òṣé, kí n kúkú gba Òṣogbo lọ.

Ó dáa. Mo sùn. Nínú àlá náà, ilé wa ti di ọkọ̀.

Kì í ṣe pé a kó sínú ọkọ̀ o. Ilé náà gan-an, tòun ti páànù orí rẹ̀, ló hu táyà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti di iwájú níbi tí awakọ̀ ń jókòó, yàrá wà láàárín pẹ̀lú ibùsùn wa, ilé ìdáná wà lẹ́yìn, ìkòkò ọbẹ̀ mi sì wà lórí iná. Kò yà mí lẹ́nu rárá. Mo tilẹ̀ ń rò ó pé ó pẹ́ kí wọ́n tó ronú kàn án, torí ta ló fẹ́ máa di ẹrù nígbà tí ilé lè gbé ara rẹ̀ lọ síbi tó wù ú? Bàbá Fẹ̀hìntọlá jókòó sórí àga awakọ̀, ó kọjú sí títì bí ìṣe rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé sítíárìn wà níwájú rẹ̀, kò sì fọwọ́ kàn án.

Láti ojú fèrèsé, mo ń rí Fẹ̀hìntọlá ní Òṣogbo. Ẹ má bi mí bí ojú ṣe ń ríran láti Ìṣẹ́yìn dé Òṣogbo. Ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó gbé àwo iyán dání, ó ń wò wá.

"Ìyá mi, ẹ yára o," ó ní. "Iyán ń tutù."

"À ń bọ̀," mo ní. Mo yíjú sí ọkọ mi pé, "Ẹ wà á ká lọ."

Ó fi ẹnu júwe ògiri. Níbi tí kàlẹ́ńdà wa máa ń wà, aago kan ló wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló sì wà lójú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "afẹ́fẹ́ ló ń gbé ọkọ̀ ńlá ró. Afẹ́fẹ́ yẹn náà ló ń bá wa fa bíréèkì sẹ́yìn kó má fún táyà. Aago yẹn ló ń sọ èyí tó kù nínú táńkì. Bí abẹ́rẹ́ bá fi lè wọ ibi pupa ìsàlẹ̀ yẹn, bíréèkì á di gbogbo táyà mú gírígírí, ilé yìí ò sì ní kúrò lójú kan mọ́."

"Tó bá wá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé ibi tá a máa wà nìyẹn, èmi pẹ̀lú ẹ."

Ọ̀rọ̀ náà bà mí lẹ́rù. Ẹ gbé e yẹ̀ wò, kí ilé di mí mọ́lẹ̀, kí n máa gbọ́ ṣíọ̀ títí ọjọ́ ayé mi. Mo bẹ abẹ́rẹ́ náà pé kó dákun ní sùúrù. Ó dá mi lóhùn jẹ́jẹ́, ó ní, "Ìyá, kì í ṣe ẹjọ́ mi. Ibi tí wọ́n bá gbé mi sí ni mò ń wà."

Ìgbà náà ni ilé wa pòṣé. "Ṣíọ̀ọ̀ọ̀ọ̀ọ̀." Ó gùn, ó sì ti inú lọ́hùn-ún wá.

Ta ló wá ń kọjá lọ lásìkò náà bí kò ṣe Baálé àgbolé wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn pé mo rí wọn lójú àlá. Wọ́n wọ agbádá, wọ́n fi ìgbálẹ̀ há abíyá, n kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n dúró gbagidi.

"Ta ló ń pòṣé sí mi?"

"Ilé ni, Bàbá," mo ní.

"Ilé yín ló ń pòṣé sí àgbà? Ta ló kọ́ ọ nírú ìyẹn?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n má bínú, ilé ọ̀hún kò tíì gbọ́n, kò tíì pẹ́ tí a kàn án ní páànù. Wọ́n ní àwọn kò gba tèmi, ilé gan-an ni kó bẹ àwọn. Bí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ni iwájú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti tán nínú àpò rọ́bà tó gbé iwájú ró, ẹ̀yìn sì ṣì wà lókè. Ilé kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú Baálé. Ìkòkò ọbẹ̀ mi yí láti ilé ìdáná, ó gba inú yàrá kọjá, ó wá dúró lẹ́sẹ̀ mi láì dànù.

Inú Baálé rọ̀. "Hẹn ẹn," wọ́n ní, "ilé tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyí."

Ilé wà lórí ìkúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó tún ní, "Ṣíọ̀ọ̀ọ̀ọ̀ọ̀."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ẹni tó pòṣé lórí ìdúró, a lè ní kò rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn kúnlẹ̀ fún àgbà, kó wá wà lórí ìkúnlẹ̀ kó máa pòṣé, ta ni yóò bá a dá sí i? Baálé na ìgbálẹ̀ sí orí páànù wa. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," wọ́n ní. "Ó di ọ́fíìsì."

Mo wo ọkọ mi kó bá wa bẹ̀ wọ́n. Mo wá rí i pé orí rẹ̀ kò dé ibi tó dé tẹ́lẹ̀. Ó ga ju ẹ̀yìn àga lọ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Báyìí, ẹ̀yìn àga ló ga jù ú.

"Bàbá Fẹ̀hìntọlá, ẹ ń kúrú o."

"Ó ti pẹ́," ó ní.

Mo ní ó dáa. Lójú àlá, bí wọ́n bá sọ nǹkan fún ènìyàn, gbígbà ló ń gbà á.

Ọ́fíìsì tí Baálé ń sọ kò sí nílẹ̀. Ojú ọ̀run ló wà, ó ń léfòó lókè igi ọsàn, okùn gígùn kan sì so mọ́ ọn lábẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé Ilé-iṣẹ́ Tó Ń Rí sí Ọ̀rọ̀ Òṣé. Èmi àti Baálé fa okùn náà bí ẹni ń fa omi nínú kànga, ọ́fíìsì sọ̀kalẹ̀, ó bà sórí páànù wa. Ọ̀gá kan wà nínú rẹ̀ tó so táì, ó jókòó sójú fèrèsé, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ gbọọrọ.

"Ta ni wọ́n pòṣé sí?" ó bèèrè.

"Èmi ni," Baálé ní.

"Èmi ni," èmi náà ní. "Ti Bàbá, òní ni. Tèmi, ojoojúmọ́ ni, sà."

Ọ̀gá ní òun fẹ́ ẹlẹ́rìí. Koroba tí mo fi ń pọn omi ló wọ́ síwájú. "Mo gbọ́ ọ," ó ní, "ṣùgbọ́n mi ò rò pé èmi ló ń pòṣé sí. Èmi mọ ara mi, inú mi mọ́." Ọ̀gá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ronú títí, ó wá dájọ́. Ó ní òṣé tí ènìyàn kò bá dá padà ni í pa á lára. Kí ìyàwó ilé pòṣé padà fún ilé, kó sì gùn bíi ti ilé, kí oníkálukú máa lọ.

"Ṣé àṣẹ ni, sà?" mo ní.

"Àṣẹ ni."

Ẹ̀yin ará, mo pòṣé. Gbogbo èyí tí mo ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí wá, mo fà á jáde láti àtẹ́lẹsẹ̀. Ó dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́ fún yín. Baálé pàtẹ́wọ́. Àmọ́ bí mo ti ń ṣe é lọ ni abẹ́rẹ́ ń já bọ́. Nígbà tí mo fi dákẹ́, ó ti kù díẹ̀ kó dé ibi pupa, ẹsẹ̀ ọkọ mi kò sì kan ilẹ̀ mọ́ lórí àga, ó ń fì dirodiro.

"Sà, ẹ wò ó," mo ní. "Ó ń burú sí i."

Ọ̀gá la ẹnu láti dá mi lóhùn, "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀" ló jáde. Irùngbọ̀n yọ ní àgbọ̀n rẹ̀, ìwo yọ lórí, táì di okùn ọrùn. Ó ti di òbúkọ. Ó jẹ gègé ọwọ́ rẹ̀, ó jẹ igun kan lára tábìlì. Kò sí ẹni tó lọgun. Baálé ní, "Ìsinmi ọ̀sán ni wọ́n lọ yẹn. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Òbúkọ fò bọ́ sílẹ̀. Bó ti bọ́ sílẹ̀ ni ọ́fíìsì fúyẹ́, ó tún ń lọ sókè, Baálé di okùn rẹ̀ mú kó má baà lọ, ó sì gbé wọn. Wọ́n lọ sí ọ̀nà Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ wọn. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí ará ilé.

"Ìyá mi," Fẹ̀hìntọlá tún pè láti Òṣogbo. "Ṣé ẹ ò wá mọ́ ni? Iyán ti ń gan o."

Ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí. Mo lọ dúró níwájú ọkọ mi. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ fi gbogbo ayé yín wakọ̀. Kí là á ṣe?"

Ara rẹ̀ ti kéré, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kéré. "Pa ẹ́ńjìnì ná," ó ní. "Kí gbogbo nǹkan dákẹ́. Ẹni tó bá ń wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, kì í pariwo."

Mo pa ẹ́ńjìnì. Gbogbo nǹkan dákẹ́, títí kan ọbẹ̀ tó ń hó.

"Wo aago. Ṣé ó ń lọ sílẹ̀?"

"Ó ń lọ."

"Kí ẹnì kan wá tẹ bíréèkì, kó má gbé ẹsẹ̀ kúrò. Bí abẹ́rẹ́ bá yára sí i, bíréèkì ló ń jò. Bí ò bá yára, ibòmíì ni ká wò."

Ẹsẹ̀ tirẹ̀ kò tó o mọ́, èmi sì gbọ́dọ̀ dúró ti aago. Òbúkọ ló gòkè wá, ó fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì tẹ bíréèkì, ó sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ká sọ òótọ́, iṣẹ́ tó ṣe nígbà tó di òbúkọ ju èyí tó ṣe nígbà tó jẹ́ ọ̀gá lọ. Abẹ́rẹ́ kò yára.

"Bíréèkì kọ́," ọkọ mi ní. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú irú ohùn tó máa ń lò láyé ọjọ́un, tó bá ti ọ̀nà dé, tó ń sọ bó ṣe tún ọkọ̀ ṣe nínú igbó. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn yẹn kẹ́yìn. Inú mi ṣàdédé dùn.

Ó ní kí n bọ́ sábẹ́ ilé, kí n tú omi inú táńkì. Ó ní afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ ń fà ní ọ̀nà máa ń ní omi nínú, bí wọn kò bá tú u, omi á gba ààyè afẹ́fẹ́. Mo rí táńkì náà, mo fa òrùka tó wà nídìí rẹ̀, omi sì ń dà. Ó pọ̀ ju táńkì lọ. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí àga, ó ń gbóòórùn rẹ̀.

"Òjò Mọ́kwà nìyẹn," ó ní. "Èyí tó ń bọ̀ yìí, ìrì Jẹ́bà ni. Mo dúró níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, oòrùn ń yọ lórí odò. Mo ní tí mo bá délé, màá sọ fún ẹ."

"Ẹ ò sì sọ."

"Nígbà tí mo délé, o ti sùn. Nígbà tó o jí, mo ti lọ."

Omi náà ṣàn kọjá lẹ́sẹ̀ mi, ó bá títì lọ. Àánú ọkùnrin náà ṣe mí. Mo fẹ́ bu díẹ̀ nínú omi náà sínú koroba, ṣùgbọ́n ó ti tán.

Abẹ́rẹ́ ṣì ń lọ sílẹ̀. "Ó ku omi ọṣẹ," ọkọ mi ní. "Po ó kó ki. Fi kàn-ìn-kàn-ìn pa gbogbo ibi tí páìpù ti so kọ́ra. Ibi tó bá ń hó fúnra ẹ̀, ibẹ̀ ló ń jò."

Mo po ó sínú koroba. Mo ń lọ yíká ilé, mo ń pa á, mo ń bèèrè. Mo pa á sí ilẹ̀kùn, mo ní, "Ṣé ibí ni?" Ilẹ̀kùn ní, "Èmi kọ́. Èmi ń dún ni, mi ò kí ń jò." Mo pa á sí ìkòkò omi, ó ní tòun omi ni, kò kan afẹ́fẹ́. Mo pa á sára ibùsùn níbi tí mo máa ń sùn, mo ní, "Ṣé ibí ni?" Ibùsùn ní, "Ẹ sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì." Òbúkọ ń tẹ̀lé mi, ó ń lá ọṣẹ tí mo ti pa. Mo lé e títí, ó sú mi.

Ó wá ku ibì kan ṣoṣo.

"Ó ku abẹ́ àga yín," mo ní.

"Má débẹ̀." Ọkọ mi kò ju ọmọ odó lọ mọ́ lórí àga. "Lọ wo òrùlé."

"Mo ti wo òrùlé."

"Tún un wò."

Mo ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ti orí bọ abẹ́ àga. Páìpù rọ́bà kékeré kan wà níbẹ̀, irú èyí tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àga awakọ̀ kí gegele má baà dùn ún. Mo fi kàn-ìn-kàn-ìn kàn án. Ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í hó fúnra rẹ̀. Ìfófó wú, ó bo ọwọ́ mi dé ìgbúnwọ́.

"Ẹ ti rí mi," àga ní. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Ìwọ lo ń pòṣé sí mi látọjọ́ yìí?"

"Òṣé kẹ̀? Ta ló ń pòṣé, Ìyá? Mò ń mí kanlẹ̀ ni. Ó ń jókòó lé mi láti àárọ̀ dalẹ́, kò wakọ̀, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń lọ síbì kan kì í wúwo. Ẹni tí ò níbi tó ń lọ, gbogbo ara rẹ̀ ló ń gbé lé ni."

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Gbogbo àárọ̀ tí mo fi ń fi ìbínú gbé àwo kúrò níwájú rẹ̀, ìmí ẹ̀dùn ni mò ń gbọ́. Mo yọ orí jáde, mo gbójú sókè wo ọkọ mi.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"O ò bi mí," ó ní. "Ẹ̀kọ lo bi mí. Mo ní ẹ̀kọ dùn. Ẹ̀kọ sì dùn lóòótọ́."

Mo fi àtàńpàkò dí ojú ibi tó ń jò náà. Ṣíọ̀ dákẹ́. Ó pẹ́ tí ilé wa ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnì tún jí fúnra rẹ̀, abẹ́rẹ́ sì ké sí mi láti ara ògiri pé, "Ìyá, wọ́n ti ń gbé mi lọ sókè o." Iwájú ilé dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ọkọ mi náà ń ga bọ̀, ó ga ju ọmọ odó lọ, ó ga tó ọmọdé, èjìká rẹ̀ dé ẹ̀yìn àga.

Fẹ̀hìntọlá rí wa. "Ẹ ti ń bọ̀," ó ní. "Ìyá mi, ẹ wá sójú fèrèsé kí n rí yín."

Mo fẹ́ dìde lọ sójú fèrèsé. Bí mo ti ṣí àtàńpàkò díẹ̀ báyìí, ọkọ mi lọ sílẹ̀. Mo yára dá a padà. Mo tún gbìyànjú, ó tún lọ sílẹ̀. Mo wá rí i pé n kò lè wà lójú fèrèsé kí n tún wà lábẹ́ àga. Mo wo apá ibi tí ọmọ mi wà, mo wo ọkùnrin yìí. Mo tẹ́ ìdí mi sílẹ̀ dáadáa lábẹ́ àga náà, mo ní kí wọ́n bo iyán.

Òbúkọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì láì jẹ́ pé ẹnì kan rán an. Ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ. N kò rí ọ̀nà níbi tí mo wà. Ẹsẹ̀ méjèèjì ọkọ mi nìkan ni mò ń rí, ó ti kan ilẹ̀, ọ̀kan ti wà níbi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ọkọ̀ tó lọ. Mo gbọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ba sítíárìn. Ó tẹ orí ba wò mí lábẹ́ àga.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "níbo là ń lọ?"

Mo la ẹnu láti dá a lóhùn, mo jí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ti sùn lé ọwọ́ mi, àtàńpàkò mi ti kú. Bàbá Fẹ̀hìntọlá jókòó sétí ibùsùn, ó kẹ̀yìn sí mi, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. N kò tíì gbálẹ̀. N kò tíì gbé ẹ̀kọ kankan fún ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ti jí. Ó ní, "Ṣíọ̀ọ̀ọ̀."

"Bàbá Fẹ̀hìntọlá," mo ní, "kí ló dé?"

"O ti jí? Kò sí nǹkan."

Lọ́jọ́ mìíràn, ibẹ̀ ni n bá ti dákẹ́, kí n máa fi ìbínú wá ìgbálẹ̀ kiri. Mo dìde, mo jókòó tì í. Mo gbọ́wọ́ lé orúnkún rẹ̀. "Ṣé ibí ni?" Ó ní ibẹ̀ kọ́. Mo gbọ́wọ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀. "Ṣé ibí ni?" Ó ní ẹ̀yìn kò dùn ún. Mo ní, "Níbo wá ni?" Ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Ilẹ̀ mọ́, Àwẹ̀ró," ó ní. "Kò sì sẹ́ni tó ń retí mi níbì kankan."

Ẹ̀yin ará, ó dùn mí dé egungun. Mo wò ó níbi tó jókòó sí, ó sì ti kúrú lóòótọ́.

"Fẹ̀hìntọlá ń retí yín ní Òṣogbo," mo ní.

Irọ́ ni mo pa. Èmi nìkan lọmọ yẹn ń retí. Ó yíjú sí mi wéré.

"Èmi?"

"Ẹ̀yin. Ó ní ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ mú mi wá."

Ó dìde. Ó ní kí ló dé tí n kò tètè sọ, pé kì í ṣe ìgbà tí oòrùn bá ti mú ni èèyàn ń ti Ìṣẹ́yìn jáde, pé a kò ní gba ibi tí gbogbo ayé ń gbà, òun mọ ọ̀nà kan. Ó ní kí n bá òun wo ibi tí bàtà òun wà. Láti ìgbà náà ló ti ń wá a, ó ti tú gbogbo abẹ́ ibùsùn, kò sì jẹ́ kí n bá a wá a mọ́. Òun ni mo ń dúró dè níbí.